Bí iyọ̀, ṣúgà àti omi bá rọrùn tó bẹ́ẹ̀, kí ló dé tó fi pẹ́?

Ìbéèrè: Mo kà á pé omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà sí wà lára oògùn tó gba ẹ̀mí là jù lọ ní ọ̀rúndún 20. Ohun tí kò yé mi ni pé iyọ̀ àti ṣúgà ti wà láyé tipẹ́. Ó sì ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn dókítà ti mọ̀ pé àìtó omi lára ló ń pa ẹni tí onígbáméjì bá mú. Kí ló wá dé tó fi di ọdún 1968 kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n pò? Ta ni ká sì sọ pé ó ṣe é?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìbéèrè o. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ibì kan ṣe nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ìdáhùn fara pamọ́ sí. Wọ́n ti ń po omi náà ṣáájú 1968, léraléra. Aláìsàn kan á yè, òmíràn á kú, kò sì sẹ́ni tó lè fi gbogbo ẹnu sọ ìdí rẹ̀. Ìwọ̀n ló dé ní 1968: iye iyọ̀ sí iye ṣúgà, àti èyí tó ṣòro jù, iye omi tó gbọ́dọ̀ wọnú aláìsàn ní wákàtí kọ̀ọ̀kan. Àwọn tó yanjú rẹ̀ ni àwọn tó jókòó ti garawa ìgbẹ́ tọ̀sán-tòru, tí wọ́n ń ka àmì tó wà lára rẹ̀.

Inú ìfun ni ká ti bẹ̀rẹ̀. Kòkòrò onígbáméjì, Vibrio cholerae, kì í jẹ ìfun, kì í sì í dá egbò sí i. Májèlé rẹ̀ ló ń ṣiṣẹ́ ibi náà. Iyọ̀ tí à ń jẹ jẹ́ àpapọ̀ nǹkan méjì, sódíọ̀mù àti chloride. Májèlé yìí máa ń ṣí àwọn ojú ihò tíntìntín tí chloride ń gbà jáde lára awọ ìfun kékeré, kò sì ní jẹ́ kí wọ́n padé mọ́. Bí chloride ṣe ń jáde ni sódíọ̀mù ń tẹ̀ lé e, omi sì ń tẹ̀ lé àwọn méjèèjì. Tó bá yá, ìgbẹ́ kò ní ní àwọ̀ ìgbẹ́ mọ́, á wá rí bí omi tí wọ́n fi ṣan ìrẹsì. Àgbàlagbà tó bá mú gan-an lè sọ lítà kan nù láàárín wákàtí kan. Ẹni tó wọn kílò 50 tó pàdánù lítà márùn-ún ti pàdánù ìdá kan nínú mẹ́wàá ara rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ á ki, ojú á jìn wọnú, a kò ní lè gbọ́ bí iṣan ọrùn ọwọ́ ṣe ń lù mọ́, kíndìnrín á dáṣẹ́ sílẹ̀. Ó lè kú lọ́jọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an. Láìsí ìtọ́jú, bí ìdajì nínú àwọn tó bá mú gidi ló máa ń kú. Bí ìtọ́jú bá pé, kì í tó ẹnì kan nínú ọgọ́rùn-ún.

Òótọ́ lẹ sọ pé wọ́n ti mọ̀ tipẹ́. Nígbà tí àrùn náà kọ́kọ́ wọ Ìlú Ọba ní 1831, dókítà ọmọ ọdún 22 kan, William Brooke O'Shaughnessy, lọ sí Sunderland, ó gba ẹ̀jẹ̀ àwọn aláìsàn, ó sì yẹ̀ ẹ́ wò. Ó rí i pé omi, iyọ̀ àti álíkálì (ohun tó ń pa ásíìdì) ti dín nínú ẹ̀jẹ̀ náà, àti pé àwọn nǹkan tó dín yìí gan-an ló kún inú ìgbẹ́ wọn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Thomas Latta ní Leith, nílẹ̀ Skọ́tláàndì, gbé ọ̀rọ̀ náà dé ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì. Ó kọ́kọ́ fi omi iyọ̀ gba ìdí wọlé. Kò ran nǹkan kan. Ló bá fi í gba iṣan ẹ̀jẹ̀. Ìyá àgbà kan tí wọ́n ti gbà pé kò lè yè mọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe é fún. Omi tó lé ní lítà mẹ́ta wọ ara ìyá yìí láàárín bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ojú rẹ̀ là, ohùn rẹ̀ padà, ara rẹ̀ móoru, ó sì ní kò sí nǹkan kan tó ń ṣe òun mọ́. Latta gbà pé iṣẹ́ ti parí, ó fà á lé dókítà ilé ìwòsàn lọ́wọ́, ó bá tiẹ̀ lọ. Ìgbẹ́ àti èébì tún bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ni tó fi omi mìíràn sí i, ìyá náà sì kú lẹ́yìn wákàtí márùn-ún àbọ̀.

Ẹ má gbàgbé ìyá yìí, torí ohun tó pa á ló ń pa àwọn ẹlòmíràn fún 136 ọdún lẹ́yìn rẹ̀. Latta san gbèsè tó ti wà nílẹ̀, kò ṣírò èyí tí aláìsàn ṣì ń jẹ bọ̀. Òun tiẹ̀ sàn, torí ó fi omi púpọ̀ sí i. Àwọn tó wò ó ṣe kò tó bẹ́ẹ̀: ìwọ̀nba díẹ̀ ni wọ́n fi sí ara ẹni tó ti ń kú lọ, omi tí wọn kò sè ni, torí kò tíì sẹ́ni tó mọ̀ nígbà náà pé kòkòrò inú omi lè pa ènìyàn. Latta fúnra rẹ̀ kú ní 1833, àwọn oníṣègùn sì pa ọ̀nà náà tì. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún 20 ni dókítà kan, Leonard Rogers, tún gbé e dìde ní Calcutta, nílẹ̀ Íńdíà, ó fi omi iyọ̀ tó ki ju ti àtẹ̀yìnwá sí iṣan ẹ̀jẹ̀, iye àwọn tó ń kú sì dín wálẹ̀ dé bí ìdajì.

Dírípù ṣiṣẹ́, kò sí àní-àní. Àmọ́ aláìsàn kan ṣoṣo lè gba lítà mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, omi náà gbọ́dọ̀ mọ́ pátápátá, abẹ́rẹ́ gbọ́dọ̀ wà, ẹni tó mọ iṣan wá rí nígbà tí iṣan ti wọlẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Ibi tí onígbáméjì ti ń jà jù ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ti ṣọ̀wọ́n jù.

Kí ló dé tí wọn kò kàn fún wọn mu? Ìdí kan ni pé tí ẹ bá fún ẹni tó ń ṣe onígbáméjì ní omi iyọ̀ lásán, gbogbo rẹ̀ á gba ìdí jáde, á tún fi díẹ̀ kún un. Ẹni tó bá ti fojú ara rẹ̀ rí èyí kò ní tún un ṣe. Ìdí kejì ni pé ìwé ìṣègùn sọ pé àrùn náà máa ń bó awọ inú ìfun dànù, pé ohun funfun tó ń léfòó nínú ìgbẹ́ ni awọ náà. Bí awọ bá ti bó, kí ló máa gba omi sára? Ohun tí wọ́n fi ń kọ́ni ni pé kí ìfun sinmi, kí aláìsàn má jẹ, kó má mu. Ọdún 1960 ni Eugene Gangarosa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tó fi ẹ̀rí tú u palẹ̀. Wọ́n ní kí àwọn aláìsàn ní Bangkok gbé ike kékeré kan tó ní okùn mì, ike náà gé bíńtín lára awọ ìfun bọ̀, wọ́n sì yẹ̀ ẹ́ wò: awọ náà pé, kò bó.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 1960 kan náà, níbi ìpàdé àwọn onímọ̀ kan ní Prague, Robert Crane ya àwòrán ohun tó rò pé ó ń ṣẹlẹ̀ lára ìfun. Ó ní nǹkan kan wà lára awọ ìfun tó ń gbé glúkóòsì, irú ṣúgà kan, wọlé, àmọ́ kì í gbé e ní òun nìkan. Sódíọ̀mù gbọ́dọ̀ bá a wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Bí àwọn méjèèjì bá wọlé, omi á tẹ̀ lé wọn. Májèlé onígbáméjì kì í fọwọ́ kan ohun tó ń gbé wọn yìí rárá. Ó ṣí ọ̀nà àbájáde sílẹ̀ ni, ọ̀nà àbáwọlé ṣì wà bó ṣe wà. Ìdí rèé tí omi iyọ̀ lásán fi ń kùnà, tí iyọ̀ pẹ̀lú ṣúgà sì ń wọlé. Crane kò sọ̀rọ̀ onígbáméjì ní Prague o. Ohun tó ń wá ni bí ṣúgà ṣe ń wọ ara. Àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn ní Éṣíà náà ń ṣe tiwọn lọ́tọ̀.

Kí n tó kọjá, ẹnì kan wà tí ọ̀pọ̀ ìtàn máa ń fò. Hemendra Nath Chatterjee, dókítà ní Calcutta, tẹ èsì iṣẹ́ rẹ̀ jáde nínú The Lancet, ìwé ìròyìn àwọn oníṣègùn ní London, ní 1953. Ó fún aláìsàn 186 ní omi mu: gíráàmù iyọ̀ 4 àti gíráàmù glúkóòsì 25 nínú lítà omi kan, pẹ̀lú oje ewé kan tó fi ń dá èébì dúró. Kò sí ẹyọ ẹnì kan tó kú. Ẹ fi ìwọ̀n yẹn wé èyí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, wá fọwọ́ sí ní nǹkan bí ogún ọdún lẹ́yìn náà, ìyẹn iyọ̀ gíráàmù 3.5 àti glúkóòsì gíráàmù 20, ẹ ó rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án. Kí ló dé tí wọn kò fi gbà á? Àwọn kan sọ pé torí ará Íńdíà ni. Mi ò ní sọ pé ìyẹn kò sí níbẹ̀. Àmọ́ ibi tí iṣẹ́ náà ti mẹ́hẹ ṣeé tọ́ka sí: àwọn tí àrùn náà kò tíì mú jù ló tọ́jú, kò sí àwọn aláìsàn mìíràn tó fi wọ́n wé, kò sì wọn ohun tó ń jáde lára wọn mọ́ ohun tó ń wọlé. Ẹni tó bá kà á ní London kò lè mọ̀ bóyá omi náà ló gbà wọ́n là tàbí wọn ò bá ti yè náà.

Wíwọ̀n ni Robert Phillips wá fi ṣe iṣẹ́. Ọ̀gá ni nínú iṣẹ́ ológun orí omi Amẹ́ríkà, ó sì tọ́jú onígbáméjì ní Íjíbítì ní 1947. Ó ní ọ̀nà kan tó fi ń mọ bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó láìsí ilé àyẹ̀wò: á to ìgò omi copper sulfate aláwọ̀ búlúù sílẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan fi díẹ̀ wúwo ju èyí tó ṣáájú rẹ̀, á wá kán ẹ̀jẹ̀ ẹ̀kán kan sínú wọn. Ìgò tí ẹ̀jẹ̀ náà kò bá léfòó nínú rẹ̀, tí kò sì rì, ìwọ̀n rẹ̀ nìyẹn. Látibẹ̀ ló ti ń ṣírò iye lítà tí ara ti pàdánù. Nígbà tó dé Manila, nílẹ̀ Philippines, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, ó rí i pé bí glúkóòsì bá wà nínú omi iyọ̀ tí aláìsàn mu, iyọ̀ náà ń wọ ara. Ó ti di ohun tí à ń wá mú báyìí, àbí? Àmọ́ omi tí wọ́n lò níbẹ̀ lágbára jù, ìṣirò ohun tó ń wọlé àti ohun tó ń jáde kò sì bára mu, àwọn aláìsàn kan sì kú. Phillips kò dárí ji ara rẹ̀ lórí èyí. Láti ọjọ́ náà lọ, ẹni tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ́kọ́ rí ọ̀nà náà di ẹni tó ń kìlọ̀ fún àwọn ẹlòmíràn pé kí wọ́n má gbà á. Nígbà tó sì di olórí ilé ìwádìí onígbáméjì tó wà ní Dhaka, tó wà lábẹ́ Pakísítáànì nígbà náà, abẹ́ rẹ̀ ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ dán an wò wà.

Lójú tèmi, èyí ló dáhùn apá tó tóbi jù nínú ìbéèrè yín. Kò sí òmùgọ̀ nínú àwọn tó ta kò ó. Wọ́n ti rí òkú.

Ní Dhaka, Norbert Hirschhorn fi páìpù rán omi glúkóòsì àti iyọ̀ gba imú lọ sínú ìfun, ó sì rí i pé ìgbẹ́ dín kù. Ní Calcutta, Nathaniel Pierce àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Johns Hopkins, yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà, ń rí irú rẹ̀. Ìyẹn fi hàn pé ìfun lè gbà á. Bóyá aláìsàn lè gbà á tó láti máa yè lórí rẹ̀, ìyẹn ni kò tíì sẹ́ni tó mọ̀. David Nalin àti Richard Cash, àwọn dókítà ọmọ Amẹ́ríkà méjì tí wọn kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ló gba ibẹ̀ yẹn.

Bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n lò yẹ ká ṣàlàyé, torí láìsí i kò sí iṣẹ́ náà. Bẹ́ẹ̀dì pẹlẹbẹ ni, wọ́n gé ihò sí àárín rẹ̀ níbi tí ìdí ń dúró sí, wọ́n fi rọ́bà tẹ́ ẹ, garawa alámì sì wà nísàlẹ̀ ihò náà. Gbogbo ìgbẹ́ bọ́ sínú garawa. Èébì ní àwo tirẹ̀, ìtọ̀ ní ike tirẹ̀, kí wọ́n má baà da ìṣirò rú. Wọ́n kọ́kọ́ fa omi sí àwọn aláìsàn lára títí iṣan ọwọ́ wọn fi padà ń lù dáadáa. Lẹ́yìn náà, iye tí garawa bá kà láàárín wákàtí díẹ̀ ni aláìsàn gbọ́dọ̀ mu láàárín wákàtí tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣu lítà mẹ́ta, lítà mẹ́ta ló máa wọnú rẹ̀, kò sí àdínkù, ì báà rẹ̀ ẹ́. Àwọn kan mu ún lẹ́nu, àwọn kan gbà á láti inú páìpù, wọ́n sì fi wọ́n wé àwọn tí wọ́n ń fi dírípù nìkan tọ́jú. Aláìsàn 29 ni gbogbo wọn, wọ́n sì ń ṣọ́ wọn tọ̀sán-tòru. Èsì rẹ̀ jáde nínú The Lancet ní oṣù kẹjọ ọdún 1968: dírípù tí àwọn tó ń gba omi náà nílò fi bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ti àwọn yòókù.

Ohun tí Nalin àti Cash fi kún un kò ju gbólóhùn kan lọ: ẹ fún un ní iye tó ń pàdánù, kì í ṣe iye tó wù yín. Gbogbo àwọn tó ti kùnà ṣáájú wọn ni gbólóhùn yẹn kò sí lọ́wọ́ wọn.

Síbẹ̀, ilé ìwòsàn ni, pẹ̀lú dókítà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí kò bá sí ogun, bóyá ibẹ̀ ni ì bá mọ. Ní 1971, nígbà ogun òmìnira Bangladesh, bíi mílíọ̀nù mẹ́wàá ènìyàn sá wọ Íńdíà. Onígbáméjì bẹ́ sáàárín wọn. Dilip Mahalanabis, dókítà ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Calcutta, dé ilé ìwòsàn Bangaon lẹ́bàá ààlà ní oṣù kẹfà. Yàrá méjì tí bẹ́ẹ̀dì 16 wà nínú wọn ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún onígbáméjì, àwọn aláìsàn sì ju ìyẹn lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Wọ́n sùn sílẹ̀. Láti fi omi sí iṣan ẹnì kan, àwọn olùtọ́jú ní láti kúnlẹ̀ sínú ìgbẹ́ àti èébì. Láìpẹ́, dírípù ń tán lọ.

Mahalanabis pinnu pé omi mímu ni wọ́n máa fi tọ́jú wọn, láìsí garawa alámì, láìsí dókítà lórí aláìsàn kọ̀ọ̀kan. Ó rọ ìwọ̀n náà kó lè rọrùn: glúkóòsì gíráàmù 22, iyọ̀ gíráàmù 3.5, àti gíráàmù 2.5 sodium bicarbonate, tó jẹ́ álíkálì, fún lítà kan. Ní Calcutta, wọ́n wọn ìyẹ̀fun náà sínú àpò ọ̀rá, wọ́n fi ayọ́ọ̀nù gbígbóná lẹ ẹnu rẹ̀ pa, wọ́n sì kó wọn lọ sí Bangaon. Níbẹ̀ wọ́n dà á sínú dírọ́ọ̀mù omi tó ní ẹ̀rọ lẹ́nu. Àwọn ìyá, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò àwọn aláìsàn ló ń fi kọ́ọ̀bù bù ú, tí wọ́n ń fún ènìyàn wọn mu. Àwọn mọ̀lẹ́bí tí wọ́n ti ń lé sẹ́yìn ló wá di nọ́ọ̀sì. Owó tí wọ́n ń ná lórí lítà kan kò ju páísè 11 ti Íńdíà lọ (ọgọ́rùn-ún páísè ló ń di rupee kan). Láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, bí aláìsàn 3,700 ló gba ibẹ̀ kọjá, àwọn tó kú sì jẹ́ ìdá 3.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ní àwọn ibùdó mìíràn tí wọn kò ti lò ó, ìdá 20 sí 30 ló ń kú.

Kò sí àwọn tó fi wọ́n wé lọ́nà tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì fẹ́. Ta ló máa fi ọmọ kan sílẹ̀ láìtọ́jú nítorí àfiwé? 1973 ni èsì náà tó rí ibi tẹ̀ jáde. Dhiman Barua láti WHO ti lọ sí Bangaon, ó ti fojú rí i, òun ló sì ń jà fún un nínú WHO. Lẹ́yìn náà ni WHO àti UNICEF fọwọ́ sí ìwọ̀n kan ṣoṣo fún gbogbo ayé, ìyẹn páálí ORS tí ẹ mọ̀, ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí a ń po mọ́ omi. Ní 1978, The Lancet kọ ọ́ pé ó ṣeé ṣe kí èyí jẹ́ ìtẹ̀síwájú ìṣègùn tó ṣe pàtàkì jù ní ọ̀rúndún náà.

Apá tó kù ni bó ṣe wọ ilé àwọn tí kò ní páálí, èmi sì gbà pé ibẹ̀ ló dùn jù nínú ìtàn yìí. Láti 1980 sí 1990, ẹgbẹ́ BRAC ní Bangladesh, tí Fazle Hasan Abed dá sílẹ̀, rán àwọn obìnrin láti ilé dé ilé. Wọn kò gbé ohunkóhun dání láti tà. Ìwọ̀n ni wọ́n ń kọ́ni: iyọ̀ tí ìka mẹ́ta bá mú, ẹ̀kúnwọ́ ṣúgà pupa tí wọ́n ń pè ní gur, àti omi ìdajì sẹ́ẹ̀rì, tó tó bí ìdajì lítà. Ìyá ilé gbọ́dọ̀ pò ó níṣojú wọn. Lẹ́yìn bí oṣù kan, ẹlòmíràn á padà wá láìròtẹ́lẹ̀, á yan díẹ̀ nínú àwọn ìyá náà, á bi wọ́n léèrè, á ní kí wọ́n tún un pò, á sì bu díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò iyọ̀. Bí ìyá bá gbàgbé, owó olùkọ́ rẹ̀ ló máa dín. Wọ́n ń san owó fún ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ rántí, kì í ṣe fún iye ilé tí olùkọ́ wọ̀.

Èsì àkọ́kọ́ dójú tì wọ́n. Àwọn ìyá mọ̀ ọ́n pò dáadáa, àmọ́ nígbà tí ọmọ wọn bá ṣu gbuuru, díẹ̀ péré ló ń lò ó. Nígbà tí wọ́n wádìí, wọ́n rí i pé púpọ̀ nínú àwọn obìnrin tó ń kọ́ni kò gbà á gbọ́ fúnra wọn, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ọkọ kò mọ ohun tí wọ́n ń bá ìyàwó àwọn sọ. Wọ́n kó àwọn olùkọ́ náà lọ sí Dhaka kí wọ́n lọ fojú rí ẹni tó ń kú tó dìde jókòó. Wọ́n lọ bá àwọn ọkùnrin ní ọjà àti mọ́sáláṣí. Ìgbà yẹn ni lílò rẹ̀ tó gbéra. Nígbà tí ọdún mẹ́wàá náà fi parí, wọ́n ti wọ ilé tó lé ní mílíọ̀nù 12.

Ìwọ̀n náà ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì láti ìgbà náà, ìdí rẹ̀ sì tọ́ kí ẹ mọ̀. Ní 1984, wọ́n fi trisodium citrate gíráàmù 2.9 rọ́pò sodium bicarbonate, torí bicarbonate máa ń jẹ́ kí ìyẹ̀fun inú páálí dì kó sì pọ́n nínú ooru. Ní 2002, wọ́n dín iyọ̀ kù sí gíráàmù 2.6, glúkóòsì sí gíráàmù 13.5, potassium chloride, iyọ̀ mìíràn tó wà nínú páálí tó ń fún ara ní potáṣíọ̀mù, dúró sí gíráàmù 1.5. Ìwọ̀n tuntun yìí mú kí iye ẹyọ sódíọ̀mù àti ti glúkóòsì dọ́gba nínú omi náà, ó sì dín èébì àti ìgbẹ́ àwọn ọmọdé kù ju ti àtijọ́ lọ. Ibí ni ẹ ti máa rí i pé ṣúgà púpọ̀ kì í ṣe àǹfààní: bó bá ti ki ju ẹ̀jẹ̀ lọ, omi ara ló máa fà wá sínú ìfun, ìgbẹ́ á sì pọ̀ sí i. Nǹkan tí mínírà inú ìgò àti oje èso ń ṣe fún ọmọ tó ń ṣu gbuuru nìyẹn. Iyọ̀ púpọ̀ burú ju èyí lọ, ó lè fa gìrì, ó sì lè pa ọmọ.

Bí páálí kò bá sí, ìwọ̀n ilé tí wọ́n fẹnu kò lé lórí ni ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà tí a fi ọ̀bẹ gé orí rẹ̀ dọ́gba, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀ tí a gé orí rẹ̀ bákan náà, nínú lítà omi mímọ́ kan. Ẹ tọ́ ọ wò kí ọmọ tó mu: kò gbọ́dọ̀ níyọ̀ ju omijé lọ. Ẹ má sè é lẹ́yìn tí ẹ bá ti pò ó, kí ẹ sì da ohun tó bá ṣẹ́ kù lẹ́yìn wákàtí 24 nù. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún méjì á mu mìlílítà 50 sí 100 lẹ́yìn ìgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, ọmọ ọdún méjì sí mẹ́wàá á mu 100 sí 200, ẹni tó jù bẹ́ẹ̀ lọ á mu tó bó ṣe fẹ́. Bó bá bì í, ẹ dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀ ní ṣíbí kọ̀ọ̀kan láàárín ìṣẹ́jú méjì-mẹ́ta. Ọmú kò gbọ́dọ̀ dúró, oúnjẹ náà kò gbọ́dọ̀ dúró. Omi ilé kò ní potáṣíọ̀mù, nítorí náà páálí ló dára jù níbi tó bá wà. WHO sì ní kí ọmọ gba zinc lójúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ọmọ tó bá ti ń sùn lọ tí kò ṣeé jí, tí kò lè mu, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí ẹni tó ń ṣu bí omi láìdúró, ilé ìwòsàn ló kàn fún un, ó sì lè nílò dírípù.

Ohun kan wà tó ń mú kí àwọn ìyá pa á tì títí dòní: kì í dá ìgbẹ́ dúró. Ọmọ á ṣì máa ṣu. Ohun tó ń ṣe ni pé ọmọ náà kò ní gbẹ títí àrùn yóò fi lọ fúnra rẹ̀, tí ẹni tó ń kọ́ni kò bá sì ti ìbẹ̀rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ìyá á rò pé oògùn náà kò ṣiṣẹ́.

Ní ti ta ló ṣe é, wọ́n fún Nalin, Hirschhorn, Pierce àti Mahalanabis ní ẹ̀bùn Pollin, tó wà fún ìwádìí ìṣègùn ọmọdé, pa pọ̀ ní 2002. Mahalanabis kú ní oṣù kẹwàá ọdún 2022. Ní 2023 ni ìjọba Íńdíà fi oyè Padma Vibhushan dá a lọ́lá. Kò sí ẹni tó gba Nobel lórí rẹ̀. Bí ó bá ku sọ́wọ́ mi láti pín in, ẹ̀tọ́ ìwọ̀n jẹ́ ti Nalin àti Cash, ẹ̀tọ́ ìgboyà jẹ́ ti Mahalanabis, mi ò sì ní fi Chatterjee sílẹ̀ láìdárúkọ rẹ̀. Phillips ni ó ṣòro jù láti ṣèdájọ́ fún. Òun ló kọ́ gbogbo wọn bí a ṣe ń wọn ohun tó ń jáde lára aláìsàn, òun náà ló sì dí wọn lọ́nà jù nígbà tí wọ́n fẹ́ lò ó.